Orí Àgbò Lórí Tábìlì Junis

Makpal, ọmọ Zeinolla, ìwé tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. O ní kí n wo eré ọlọ́pàá tí ẹ ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, kí n sì dáhùn ìbéèrè mẹ́fà. Mo wo ó. Mo dáhùn méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ọwọ́ mi dúró. "Ǹjẹ́ eré yìí fi ìtàn ṣáájú ẹ̀kọ́ òṣèlú?" Ọdún mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí kan náà, níṣojú bàbá rẹ, mo sì dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn mi pa ènìyàn. Mo ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Dókítà yẹ ẹ̀dọ̀fóró mi wò lóṣù tó kọjá, kò sì ní kí n padà wá. Ohun tí mo gbé pamọ́ kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. Ka ìwé yìí sókè fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Má fo ibì kankan, àní ibi tó kan bàbá rẹ.

Ibi òkú ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n pa Junis, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ní oko ìjọba Aktasti nílẹ̀ Kazakh. Èmi ni ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó wádìí rẹ̀, òwúrọ̀ ni mo sì débẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n ti dúńbú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ẹní. Àwo ẹran wà lórí tábìlì, àti egungun, àti orí àgbò tí wọ́n ti gé jẹ, àti ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Ọ̀bẹ tó gé orí àgbò náà ló gé ọrùn Junis. Ọ̀rọ̀ náà kò le: àlejò ló jẹun tán, tó pa onílé. Mo bi alága oko pé ta ni àlejò náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má wá a jìnnà. Amanjol ni. Ìjà ẹṣin ti wà láàárín òun àti Junis látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo wa la gbọ́ nígbà tó ní òun máa fi han Junis." N kò bi ẹlòmíràn. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́, òun ló sì kéré jù. Abúlé kún fún ènìyàn, kò sì sí èyí tí kò lè sọ fún mi, kí tíì tó tutù, pé kì í ṣe Amanjol.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ mọ ohun tí mo jẹ́. Ojú Kazakh ni mo ní, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n ti ṣa mí lọ́dún ìyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ti kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá mi. Ilé ọmọ aláìlóbìí ló tọ́ mi. Èdè Rọ́ṣíà ni mo fi ń ronú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ èdè Kazakh tó èyí tí mo fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Orúkọ mi, Tolegen, alábòójútó ilé náà ló fún mi. Mo mọ òfin dáadáa. Àṣà, kò sí ẹni tó kọ́ mi, n kò sì bèèrè, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé àṣà jẹ́ ohun àwọn arúgbó tí yóò bá wọn kú. N kò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Ìyàn kò gbé àpò iyanrìn sí mi lọ́wọ́.

Àpò iyanrìn ni a fi lu Amanjol. Àpò aṣọ líle, gígùn bí apá, tí a rọ iyanrìn tútù sí. Kì í bó ara. Inú ara ló ń fọ́. Darandaran ẹṣin ni Amanjol, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Òun nìkan ló kù fún bàbá rẹ̀, Kidirali. Ọjọ́ márùn-ún la fi lù ú. Kenes, igbákejì mi, ló ń dì í mú. Ọkùnrin títóbi ni Kenes, a máa dá àpárá bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, Amanjol ní, "Ọ̀gá, mo wà lọ́dọ̀ àwọn ẹṣin. Ẹ lọ bi wọ́n." Kenes ní, "A ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ẹ́ rí." Ní ọjọ́ kẹta, eyín mẹ́rin jáde. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń tọ ẹ̀jẹ̀, kò tún lè dìde dúró, a bá ń lù ú lórí ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe bàbá rẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú. Èmi kò ní ẹni tí mo lè pè bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, Kenes ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀. Òkú kì í fọwọ́ síwèé." Ni mo bá jókòó, mo kọ ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ fún un, lédè Rọ́ṣíà.

Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ní ẹ̀bùn rẹ̀. Orí àgbò wà lórí tábìlì, mo sì ní láti sọ bó ṣe débẹ̀, kí adájọ́ má baà bèèrè. Mo kọ ọ́ pé: "Junis gbé orí síwájú mi gẹ́gẹ́ bí àlejò. Mo gé e, mo fún un ní etí kan, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, mo yí ọ̀bẹ kan náà sí i." Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á tán. Ó dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ojú Amanjol ti wú pa. Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀, ọ̀gá?" Mo ní, "Òtítọ́." Mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́ sínú tádàwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹni tó pa Junis gan-an, a kò wá a. Kí ni à bá tún máa wá nígbà tí ẹnì kan ti jẹ́wọ́?

Nílé ẹjọ́, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ka ìwé náà. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará abúlé ní ṣókí. Nígbà tó dé ibi orí àgbò, bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn. Kidirali ni. Kò pariwo. Ó bọ́ fìlà, ó ní, "Adájọ́, mo wà láàyè." Wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ ní, "A rí i pé o wà láàyè, bàbá. Jókòó." Àwọn ará ìlú tó wà níwájú rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ ọ́: "Mo wà láàyè. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Kenes ló mú un jáde. Kò sí ará abúlé kan tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi jìnnà sí àtirí ìyẹn. Wọ́n fún Amanjol ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún 1977, tẹlifíṣọ̀n Alma-Ata fẹ́ ṣe eré kan fún Ọjọ́ Ọlọ́pàá. Zeinolla, bàbá rẹ, ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ní ayé ìgbà yẹn, kò sí eré ọlọ́pàá tí ọlọ́pàá kan kì í jókòó tì. Ọlọ́pàá náà a máa ka ìwé eré, a máa sọ èyí tó yẹ, orúkọ rẹ̀ a sì jáde níkẹyìn gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Bí kò bá fọwọ́ sí i, eré náà kú. Èmi ni wọ́n yàn. Èmi náà ni mo mú fáìlì Amanjol fún Zeinolla, nítorí òun ló mọ́ jù lójú mi: wọ́n pa ènìyàn, ọjọ́ kẹfà ẹnì kan ti jẹ́wọ́. Ó jókòó ní ọ́fíìsì mi, ó ń kà, ó ń mu tíì. Ó dé ibì kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ta ló kọ èyí?" Mo ní, "Ẹni tó ṣe é ló sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n." "Ṣé bàbá rẹ̀ ti kú nígbà yẹn ni?" "Kò kú. Ó da ilé ẹjọ́ rú. Ó ń sọ pé òun wà láàyè." Zeinolla bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "O ò sì mọ ohun tó ń sọ." Mo ní mi ò mọ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ó ní ọkùnrin Kazakh tí bàbá rẹ̀ ṣì ń mí kì í gé orí àgbò lórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ni orí tọ́ sí. Bí ọmọ bá gé e, bí ìgbà tó dúró níwájú àwùjọ tó ní bàbá òun ti kú ni. "Wọ́n lè gbé e síwájú rẹ̀, kí wọ́n fi ìbọn tì í. Á ti àwo náà padà. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ ọ́n lábúlé. Ìwọ fúnra rẹ ló kọ ọ́ síbí pé ọ̀bẹ tó gé orí ló pa Junis. Nítorí náà, ẹni tó pa á, bàbá rẹ̀ ti kú. Amanjol kọ́." Ó wò mí. "O ṣe ọmọ yẹn báwo kó tó fọwọ́ sí i?" Mo ní a kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó pa fáìlì náà dé, ó ní, "Ilé ọmọ aláìlóbìí lo ti wá, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo rí i." Mo kórìíra rẹ̀ látorí gbólóhùn kékeré yẹn. Kì í ṣe nítorí pé ó mú mi. Nítorí pé ó káàánú mi ni.

Eré tí Zeinolla kọ dára púpọ̀, Makpal. N kò rí èyí tó dára tó o títí dòní, mo sì ti wo ti yín. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá kan rí orí àgbò nínú ìwé àtijọ́, ó dúró lórí rẹ̀, ó gba ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ó sì ti ọ̀gá rẹ̀ tó lu ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé. Ìgbìmọ̀ tẹlifíṣọ̀n jókòó lé e lórí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ènìyàn mẹ́wàá, àwo èso ápù láàárín. Sergaliev, alága, ní, "Ìtàn dùn. Ó dùn jù. Ìtàn ti sáré kọjá ẹ̀kọ́ òṣèlú Ẹgbẹ́ Kọ́múnísì wa. Ọlọ́pàá tiwa, ó ń lu ènìyàn? Lọ́jọ́ Ọlọ́pàá?" Olùdarí eré ní, "Alága, bí a bá yọ ọ́, kí ló kù? Ẹṣin àti yìnyín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Zeinolla ní, "Ẹ bi olùdámọ̀ràn. Òun mọ bó ṣe rí." Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fún mi láyè. Ká ní mo sọ gbólóhùn kan péré, "Bó ṣe rí nìyẹn," Amanjol ì bá jáde.

Sergaliev bi mí: "Ó dáa, Tolegen. Èwo ló ṣáájú níhìn-ín, ìtàn ni àbí ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́?" Mo dìde. Mo ti rò ó láti àárọ̀. Mo ní, "Èmi ò bá ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ dé ibí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìtàn yìí kò lágbára tó. Ẹni tó ń wò ó nílé fẹ́ rí ọ̀daràn, ẹ̀yin ń fi orí àgbò hàn án. Ẹ jẹ́ kó gé orí náà. Ẹ jẹ́ kó gé e níṣojú gbogbo ènìyàn, kó máa rẹ́rìn-ín, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè nílé kejì. Ẹni tó lè sin bàbá rẹ̀ láàyè báyẹn, kí ni kò lè ṣe? Kí ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá rí ìyẹn, kó sì mọ̀ pé apànìyàn ni." Sergaliev lu tábìlì. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọlọ́pàá tó ń gbèjà ìtàn. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kọ́gbọ́n." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùdarí eré ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe mi ni mo yí padà, tí mo fi di okùn sọ́rùn Amanjol lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì pè é ní ẹ̀bùn ìtàn sísọ. Zeinolla kò pàtẹ́wọ́. Lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "O gbọ́n, àbúrò. Ó dùn mí pé o gbọ́n. Mo ti kọ̀wé sí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Mọsko. Ìwé náà ti lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé yín. Ìwọ wà nílé ìwé. Mo ní kó kọ ìwé míràn sí Mọsko, kó ní òun ṣàṣìṣe. Ó ní, "Jókòó, mu tíì." Mo ní kó kọ ọ́. Ó ní, "Tolegen, ọmọ yẹn ti lo ọdún mẹ́fà. Ìwọ náà ti lò ó. Jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jáde." Mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tó fi ń kọ̀wé, mo sì fi itan tì í pa. Mo ṣí i, mo tún tì í pa. Ìka mẹ́ta ló kán. Mo gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bu apá aṣọ rẹ̀ jẹ kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́. Mo ní, "Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há ẹ níka. Bó o bá sọ nǹkan míì, mo mọ ọ̀nà tí Makpal ń gbà láti ilé ìwé." Ohun tó sọ fún yín títí ó fi kú nìyẹn, àbí? Ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un. Bàbá rẹ kì í ṣe ojo tó fi kálámù sílẹ̀. Kálámù náà ló fi ra ẹ̀mí rẹ.

Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ ti dé Mọsko. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì: kí wọ́n bi ẹlẹ́wọ̀n náà tààrà, ṣé òun ló gé orí tàbí òun kọ́, kó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi ju ìwé náà sí mi láyà. Ó ní, "Ìwọ lo se ọbẹ̀ yìí. Lọ pọ́n ìkòkò rẹ lá." Èmi àti Kenes wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lókè àríwá. Wọ́n mú Amanjol wá bá wa ní yàrá kékeré kan, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ti di arúgbó. Ó dá mi mọ̀. Ó kí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, bàbá mi ńkọ́?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì jókòó.

Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á fún un ní èdè rẹ̀. Mo kà á tán, ó ní, "Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo tún un kà. Ó ní, "Èmi ni mo gé orí?" Ó wo Kenes, ó wò mí. "Ó ti wà nínú ìwé látìgbà yẹn? Wọ́n kà á sétí bàbá mi?" Mo ní kó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé mo pa Junis. Ẹ kọ ọ́ pé mo pa méjì sí i, màá tẹ̀ ẹ́. Èyí, rárá. Bàbá mi wà láàyè. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ báyìí." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Àga onírin wà níbẹ̀, kékeré, aláìlẹ́yìn. Mo gbé e. Àkọ́kọ́ bà á léjìká, kò mú ọwọ́ wá síwájú. Ìkejì bà á ní ẹnu. Ó ṣubú lulẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àyà, ó di ìka pa. Mo ń lu ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń sọ pé, "Mú un wá. Mú un wá." Kò pe bàbá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Kenes, tó ti bá mi lu ènìyàn fún ọdún mọ́kànlá, di apá mi mú, ó ní, "Ọ̀gá, ó tó." Mo fi ìgunpá gbá a nù. Mo gbé àga náà ga, mo fi etí rẹ̀ lu Amanjol lẹ́yìn orí. Mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, mo tún lù ú, kò sì sí ìdí kankan mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé ibi tí oòrùn wà lórí ilẹ̀. Kenes bì sí igun yàrá. Mo yí òkú náà padà. Ó ṣì di ọwọ́ pa. Mo la àtàǹpàkò rẹ̀ jáde, ó le bí egungun ẹran, mo tẹ̀ ẹ́ sínú tádàwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Kenes ti sọ nígbà kan pé òkú kì í fọwọ́ síwèé. Òkú yẹn fọwọ́ sí i. Dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ ọ́ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. A jẹun kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Mo rántí pé mo jẹ àjẹyó.

Eré náà jáde lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá. Òṣèré ẹlẹ́wà kan ló ṣe Amanjol. Ó gé orí àgbò, ó rẹ́rìn-ín, epo ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé níkẹyìn, a rí eré ọ̀daràn tó fi ìtàn ṣáájú ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́, tí ẹ̀kọ́ náà kò sì pàdánù nǹkan kan. Mo gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo tọ́jú rẹ̀. Ó ṣì wà. Màá fi sínú àpòòwé yìí. Orúkọ bàbá rẹ jáde pé òun ló kọ eré náà. Orúkọ mi tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kejìlá, ní ọ̀sán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Kidirali ni. Ó gbé nǹkan kan tí ó fi aṣọ funfun dì. Yìnyín wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. N kò ní kó jókòó, ó jókòó. Ó ní, "Gbogbo abúlé la wò ó ní gbọ̀ngàn oko. Wọ́n ń wojú mi." Mo ní, "Eré lásán ni, bàbá." Ó ní, "Mo mọ̀ pé eré ni. Mi ò wá torí eré. Ọmọ mi ti kú, wọ́n ní ọkàn ni. Mi ò wá torí ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé ọmọ mi gé orí nígbà tí mo wà láàyè?" Mo ní, "Ó wà nínú ìwé, bàbá." Ó ní, "Mi ò bi ìwé. Ìwọ ni mo bi." Kò sí ẹlòmíràn ní yàrá. Mo lè sọ "rárá" sí i létí, kí n sì sẹ́ ẹ lọ́la. Kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ó gé e."

Ó tú aṣọ náà. Orí àgbò ni, ó ti sè é, ó ṣì ń gbóná díẹ̀. Ó ní, "Mo gbé e wá pé bó o bá ní kò gé e, èmi àti ìwọ á jẹ ẹ́ lórúkọ rẹ̀, màá sì lọ." Ó fa ọ̀bẹ yọ. Mo rò pé ó fẹ́ pa mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run gbọ́. Ó gé etí kan kúrò lára orí náà, ó fi sórí fáìlì tó wà níwájú mi. Ó ní, "Etí ni wọ́n ń fún ọmọdé ilé, kó lè máa gbọ́ràn. Wọ́n ní o ò ní bàbá. Gba tìrẹ." Ó di ìyókù, ó lọ. Mo jẹ etí náà. N kò mọ ìdí tí mo fi jẹ ẹ́.

Kidirali kú kí ìgbà òtútù náà tó parí. Ó ti fi sílẹ̀ pé bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn òkú ìdílé òun nínú àdúrà, kí wọ́n má ka ti Amanjol. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, Makpal, ìdáhùn ìbéèrè kẹta rèé. Nínú apá kẹrin eré rẹ, ọ̀daràn jẹ́wọ́ láàárín tíì kan àti èkejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gún régé, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́. Ẹ lọ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá pè yín láti wá ṣèdájọ́ bóyá ìtàn ló ṣáájú, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí ìtàn náà bò mọ́lẹ̀ fún yín. Èmi kò bi ara mi. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí ní ti ọwọ́ bàbá rẹ. Ohun tí mo fọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ láti dárí rẹ̀ jì. Mo ti kọ ẹ̀dà ìwé yìí sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, ilẹ̀kùn mi sì wà ní ṣíṣí. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Lọ sí Aktasti. Dúró níbi ibojì ìdílé Kidirali, kí o sì fi èdè tí wọ́n gbọ́ ka èyí fún wọn. Kidirali bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Mo dáhùn rẹ̀ lónìí. Bàbá, kò gé e. Mo lù ú pa lórí pé kó sọ pé òun gé e, kò sọ ọ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà: Amanjol, ọmọ Kidirali, ẹni tó kú kí bàbá rẹ̀ tó kú, tí kò fọwọ́ kan orí àgbò láyé rẹ̀.